Èsì fún ẹ̀gbọ́n wa láti Kétu: barrette RAM yẹn kò bàjẹ́, èmi ni mo ṣì í tà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà ọ̀nà.

Mo rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún ṣọ́ọ̀bù wa àti ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ní ẹ gbéra láti Kétu wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ ra barrette DDR3 (RAM ìran kẹta, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) oní-4GB méjì ní 12,000 sẹ́fà fún kọ̀ǹpútà tí ọmọ yín fi ń ta géèmù. A dán an wò níṣojú yín, ó ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ẹ délé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké "bíp, bíp", ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ wá ní àfàìmọ̀ ká má ti pààrọ̀ ọjà nígbà tí à ń dì í sínú láílọ́ọ̀nù.

A ò pààrọ̀ ohunkóhun. Àwọn méjì tí ẹ rí lórí tábìlì náà ló wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá yín jà, torí àwòrán tí ẹ fi síbẹ̀ ti tú àṣírí ẹ̀bi tèmi. Ẹ wo ara carte mère yẹn (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́) dáadáa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò barrette: wọ́n tẹ G41 mọ́ orúkọ rẹ̀. Èmi ò béèrè orúkọ carte mère kí n tó gbowó. Gbogbo ohun tí mo bi yín ò ju "DDR kelòó ni?" lọ. Ẹ ní mẹ́ta, mo sì gbé mẹ́ta fún yín. Ìbéèrè yẹn ò tó fún ẹ̀rọ tó ti pẹ́ tó báyìí, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ta á mọ̀.

G41 yẹn, ìyẹn ṣíìpù tó ń darí carte mère náà, ọdún 2008 ni iléeṣẹ́ Intel gbé e jáde, ayé ìgbà processeur Core 2 Duo àti Core 2 Quad. Ó gba DDR3 lóòótọ́. 8GB ni gbogbo ohun tó lè gbé, ìyẹn 4GB nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Títí dé ibẹ̀, ọjà tí mo tà fún yín bá a mu. Hóró dúdú tó wà lára barrette ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ kà wọ́n. Mẹ́jọ ni ẹ máa bá, gbogbo wọn sì wà lójú kan. Hóró kọ̀ọ̀kan gbé 512MB, mẹ́jọ rẹ̀ ló di 4GB. G41 ní tirẹ̀ kò mọ hóró tó bá ju 256MB lọ. Barrette 4GB tó máa gbà gbọ́dọ̀ ní hóró mẹ́rìndínlógún, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn.

Ẹ wò ó bí àwọn alárù tó ń kó gàrí wọ ọjà Ouando. Alárù mẹ́jọ ru àpò méjì méjì, mẹ́rìndínlógún ru ọ̀kọ̀ọ̀kan; iye àpò kan náà ni. Àmọ́ bí ẹnu ọ̀nà bá rẹlẹ̀, ẹni tó ru méjì kò ní lè wọlé, ì báà jẹ́ gàrí Sávàlú ló rù. Ẹ̀rọ tó ní processeur Core i5 ìran kejì, ti 2011, ni mo fi dán ọjà yín wò. Ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ga, kò bi alárù kankan ní nǹkan kan. Òun ló tan èmi àti ẹ̀yin jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka èyí, tí ẹ sì fẹ́ yára sọ fún oníṣòwò pé "hóró mẹ́rìndínlógún ni mo fẹ́", ẹ dúró ná. Irú kan wà tó ní hóró mẹ́rìndínlógún, tí owó rẹ̀ kéré, tó sì jẹ́ pé carte mère tí wọ́n ṣe fún processeur AMD, iléeṣẹ́ tó ń bá Intel díje, nìkan ló gbà á. Lórí Intel, bíp bíp náà ni. Wọ́n sábà máa ń kọ "AMD" sára bébà rẹ̀, ṣùgbọ́n bébà kì í pẹ́ ṣí. Mo ti jóná nídìí rẹ̀ rí, mi ò tà á mọ́. Barrette tí wọ́n yọ lára server (kọ̀ǹpútà ńlá àwọn iléeṣẹ́), tí wọ́n kọ "Registered" sí, òun náà kò wúlò fún kọ̀ǹpútà ilé bíi tiyín. DDR2 àti DDR3 sì jọra lójú, eyín 240 ni méjèèjì ní, ibi tí wọ́n gé láàárín wọn ló yàtọ̀. Bí kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo máa ṣe rèé. Mo ní méjì tó ní hóró mẹ́rìndínlógún, mo sì ti fi wọ́n sínú ẹ̀rọ G41 kan tó wà nílẹ̀ níbí láti àná. Ó rí 8GB, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di ìsinsìnyí. Màá fi wọ́n rán awakọ̀ tó ń gba Sákété àti Pobẹ́ wá sí Kétu, èmi ni màá san owó rẹ̀. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ rán an padà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti sú yín, ẹ sọ, màá dá 12,000 yín padà sórí fóònù.

Ẹ tún bá mi wo nǹkan kan kó tó dé. Ẹ dá barrette àtijọ́ padà sínú ẹ̀rọ, ẹ tàn án, kí ẹ wò ó bóyá Windows yín jẹ́ 32-bit tàbí 64-bit. Bó bá jẹ́ 32-bit, kò ní lò ju bíi 3GB àti díẹ̀ lọ, bí ẹ tilẹ̀ ki 8GB sí i lọ́rùn. Ẹ sì sọ fún ọmọ pé RAM kò lè ṣe iṣẹ́ káàdì àwòrán. Géèmù kò ní máa dúró gìrì láàárín eré bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwòrán rẹ̀ kò ní dán ju bó ṣe wà lọ.

Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀ ni awakọ̀ náà ń gbéra. Bí mo bá rí èsì yín kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú, ẹrù yín á wà nínú ọkọ̀.