Èdè àwọn Basque ló pẹ́ láyé, kì í ṣe ijó wọn

Fídíò yẹn tún ti ń káàkiri. Ọkùnrin kan wọ aṣọ funfun báláú, ó ti ṣí fìlà, ó ń ju ẹsẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ fi kan imú ara ẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ijó àwọn Basque nìyí o, látìgbà táwọn èèyàn ń gbé inú ihò àpáta ni wọ́n ti ń jó o, kò sì yí padà rí. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Ó kàn dùn ún gbọ́ ni.

Mo mọ ibi tó ti wá ṣá. Àwọn Basque ń gbé níbi tí Sípéènì àti Faransé ti pààlà, ìpínlẹ̀ méje, mẹ́rin lọ́dọ̀ Sípéènì, mẹ́ta lọ́dọ̀ Faransé, Euskara tí wọ́n ń sọ ò sì bá èdè kankan tan, àwọn onímọ̀ wá ìbátan ẹ̀ títí, wọn ò rí. Ìyẹn jóòótọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èèyàn á gbọ́ pé èdè pẹ́, á wá rò pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí èdè, fìlà àti ijó.

Ijó inú fídíò yẹn ńkọ́, aurresku ni wọ́n ń pè é, wọ́n máa ń jó o níwájú ìyàwó tuntun tàbí àlejò ńlá. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni ọwọ́ iwájú. Ọwọ́ iwájú báwo, nígbà tó jẹ́ òun nìkan ló ń jó? Ṣebí èrò rẹpẹtẹ ló ń di ara wọn lọ́wọ́ mú jó o tẹ́lẹ̀, ẹni tó ṣáájú ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, ibi kékeré kan nínú ijó gígùn yẹn ni wọ́n yọ jáde tẹ́ ẹ̀ ń wò lórí fóònù.

Èmi o, ti Zuberoa lápá Faransé ló wù mí jù. Tí wọ́n bá ń ṣe maskarada, ìyẹn eré àjọ̀dún tí wọ́n ti ń múra bí oríṣiríṣi èèyàn, wọ́n á gbé gíláàsì wáìnì kan kalẹ̀, àwọn oníjó á máa fò yí i ká. Ọ̀kan nínú wọn, Zamalzain, gbé ère ẹṣin kọ́ ìbàdí, aṣọ ẹṣin yẹn fẹ̀ débi pé kò lè rí ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ká má tíì sọ gíláàsì, òun náà ló sì máa gun gíláàsì yẹn, á fi ẹsẹ̀ kan dúró lé e fẹ́ẹ́rẹ́, á fò kúrò, wáìnì ò gbọdọ̀ dà! Mo pariwo nígbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n dárúkọ bí wọ́n ṣe ń fò yẹn fún yín, wọ́n á ní antrexat. Entrechat àwọn oníjó ballet Faransé nìyẹn, kéèyàn máa fi ẹsẹ̀ gba ẹsẹ̀ lókè kó tó balẹ̀. Kantiniersa tó ń bá wọn jó náà ńkọ́ (ọkùnrin ló ń múra bí obìnrin láyé àtijọ́), orúkọ àwọn obìnrin tó ń tẹ̀lé àwọn ṣọ́jà Faransé kiri láti ta ọtí fún wọn ni. Ṣé inú ihò àpáta ni ṣọ́jà ti ń ra ọtí ni?

Trikitixa, dùùrù ọlọ́wọ́ (accordion) tí wọ́n fi ń jó ijó tí wọ́n ń pè ní fandango, mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì ṣe irú dùùrù yẹn láyé kí àwọn ọdún 1800 tó dé.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Juan Ignacio de Iztueta, ará Zaldibia ní Gipuzkoa, ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ méje yẹn. Lọ́dún 1824 ni bàbá yìí tẹ ìwé jáde lórí ijó ilé wọn, ní Euskara, ó sì ń ráhùn nínú ẹ̀ pé àwọn ijó àtijọ́ ń parun lọ, pé àwọn tó ń fun txistu, fèrè ìbílẹ̀ wọn, ti lọ kọ́ orin inú ìwé, wọ́n ti pa orin àwọn bàbá wọn tì. Igba ọdún sẹ́yìn nìyẹn o, ẹ wá ní kò yí padà rí.

Ẹni tó bá sì fẹ́ wá kọ ọ́ síbí pé ijó flamenco ni, gúúsù Sípéènì lọ́dọ̀ àwọn ará Andalusia nìyẹn wà, ẹ lọ bá wọn níbẹ̀.