Skyrim, Witcher 3 àbí Elden Ring: èwo ni kí ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀?

Túndé Sámọ́ńdà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Géèmù bọ́ọ̀lù nìkan ni mo ń gbá. Ó wù mí kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn géèmù open world, àwọn tó ní idà, oògùn, iwin àti dírágónì, tí èèyàn ń rìn kiri inú ayé gbalasa bó ṣe wù ú. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló wà nílẹ̀: Core i5 ìran kẹfà, RAM 8GB, SSD 256GB, kò ní graphics card tirẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni àyè ń yọ. Skyrim, The Witcher 3 àti Elden Ring ni orúkọ tí mo ń gbọ́. Ṣé kí n dán an wò, àbí kí n rọra tọ́jú owó àti dátà mi?

Bọ̀dá Bódìjà: Túndé, jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ Elden Ring kúrò. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kéré tán, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní RAM 12GB, graphics card GTX 1060 oní 3GB, àti àyè 60GB. Tìrẹ kò sún mọ́ ọn. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀rọ tó gbé e, kò síbi tí wọ́n ti ń dín líle rẹ̀ kù. Bó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí gbangba ní Limgrave, ilẹ̀ tí géèmù náà ti bẹ̀rẹ̀, jagunjagun kan tó gun ẹṣin, tó wọ ìhámọ́ra wúrà, ló máa wà lójú ọ̀nà rẹ. Ẹni tuntun á fẹ́ bá a jà, á sì kú. Ohun tó yẹ ni kó yà fún un, kó gba ẹ̀gbẹ́ lọ sí Church of Elleh, kó máa lọ títí wọ́n á fi fún òun náà lẹ́ṣin, kó tó padà wá bá a. Bó o bá kú, gbogbo rune (owó inú géèmù náà) tó o ti kó jọ á wà nílẹ̀ níbi tó o kú sí. Bó o bá tún kú kó o tó débẹ̀, wọ́n ti ṣègbé nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń gbá a, ọwọ́ rẹ̀ á ti tutù kí Sátidé mìíràn tó dé.

Witcher 3 ńkọ́? Processor i5-2500K, RAM 6GB, graphics card GTX 660 ni wọ́n kọ sílẹ̀. RAM rẹ tó, ṣùgbọ́n gíráfíìkì Intel tó wà nínú i5 yẹn kò tó ìdajì GTX 660. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe lóṣù Kejìlá 2022, 50GB ló ń fẹ́ lórí díìsìkì. Skyrim ló kù. Special Edition tó jáde ní 2016 ń fẹ́ RAM 8GB àti àyè 12GB. Lóòótọ́, gíráfíìkì rẹ kò tó GTX 470 tí wọ́n kọ. Àmọ́ bó o bá gbé ojú rẹ̀ sí 1280×720, tó o yan Low, tó o pa godrays (ìtànṣán oòrùn inú géèmù), ó ṣeé gbá. Nínú ihò, ara rẹ̀ á yá. Nínú igbó àti nígboro Whiterun, á máa wọ́ díẹ̀.

Mojí Agbowó: Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kọ́ ló yẹ kó yan géèmù fún èèyàn. Skyrim fẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ihò tẹ́ ẹ wọ̀ lónìí àti èyí tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ́la jọra jù: òkú tó jí dìde, àpótí, ìlẹ̀kùn, àpótí mìíràn. Ẹni tó ti ìdí bọ́ọ̀lù bọ̀ nílò iṣẹ́ tó ní orí, tó ní ìdí, tó lè parí ní ìjókòó kan.

Ẹ wo iṣẹ́ kékeré kan ní White Orchard, níbẹ̀rẹ̀ Witcher 3. Devil by the Well lorúkọ rẹ̀. Odolan, ará abúlé kan, ń wá omi tó mọ́ nítorí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Kànga kan wà nítòsí, ṣùgbọ́n iwin obìnrin ń jáde níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọdẹ tí wọ́n ń sanwó fún ni Geralt, ẹni tẹ́ ẹ máa jẹ́ nínú géèmù náà. Kì í kàn fa idà yọ. Ó máa tọpasẹ̀ yí kànga ká, ó máa ka ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé ahoro tó wà níbẹ̀, ó máa rí òkú obìnrin náà nínú kànga, ó máa bẹ́ sínú omi lọ mú ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ wá, á wá sun ẹ̀gbà àti egungun pọ̀. Ìgbà yẹn nìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Idà fàdákà lẹ máa lò, torí idà irin wà fún èèyàn àti ẹranko. Bẹ́ ò bá tẹ́ àmì Yrden, pańpẹ́ oògùn Geralt, sílẹ̀ kí iwin náà wọnú rẹ̀, idà ò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Tó bá pín ara rẹ̀ sí mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ pa àwọn mẹ́ta yẹn, torí agbára yín ni wọ́n ń fà. Ẹ fi òróró iwin pa idà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn iwin ọ̀sán wà ní ilẹ̀ Poland àti láwọn ilẹ̀ Slav mìíràn, Poland náà sì ni CD Projekt Red tó ṣe géèmù náà wà. Ọmọ Yorùbá wo ni wọn ò kìlọ̀ fún lórí ìrìn ọ̀sán gangan? Èèyàn wa á mọ ohun tó ń wò. Kí Túndé wá PS4 tòkunbọ̀ kó sì ra díìsìkì.

Akin Challenge: Mojí, fi ọ̀rọ̀ iná sínú ìṣirò yẹn. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, PS4 kò ní. Witcher 3 kì í jẹ́ kéèyàn fi géèmù pamọ́ nígbà tí ìjà bá ń lọ. Bí iná bá lọ láàrin ìjà, ibi tó o fi pamọ́ sí kẹ́yìn lo máa padà sí, ó sì lè jẹ́ ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Èyí tó burú jù ni kí iná lọ nígbà tí PS4 ń kọ nǹkan sórí díìsìkì inú rẹ̀. Bó o bá tún tàn án, á ní kó o jẹ́ kóun yẹ díìsìkì wò, nígbà mìíràn fáìlì ìfipamọ́ á ti bàjẹ́. UPS kékeré 650VA kì í gbé e pẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn tó láti fi pamọ́, kó o sì pa á bó ṣe tọ́. Ẹni tó ní inverter 1kVA pẹ̀lú bátìrì tó dáa, PS4 àti tẹlifíṣọ̀n kékeré ò ní dà á láàmú.

Mojí Agbowó: Ìdí nìyẹn tí ìfipamọ́ fi yẹ kó jẹ́ ìṣe. Fi pamọ́ kó o tó gba iṣẹ́, fi pamọ́ kó o tó wọ ihò, má gbára lé èyí tí géèmù ń ṣe fúnra rẹ̀. Bákan náà ló rí lórí Skyrim: F5 lórí kọ̀ǹpútà, kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Lékan Ìwó Road: Ẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn kan wà tó ń kó géèmù sínú hard disk fún èèyàn. Ó lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan, kó dán gbogbo rẹ̀ wò láìná dátà, èyí tó bá dùn mọ́ ọn ni kó wá fi owó ra. Iye dọ́là lónìí kì í ṣe nǹkan tí ẹni tó ń dán nǹkan wò máa kàn fi ṣòfò.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Lékan, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ owó yẹn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn léwu. Ohun àkọ́kọ́ tí irú àdàkọ bẹ́ẹ̀ máa ní kó ṣe ni kó pa antivirus. Lórí láptọ́ọ̀pù kan náà tí iṣẹ́ àti báńkì rẹ̀ wà! Èkejì, ẹ̀yà tí wọ́n máa kó fún un kì í bá ti ìsinsìnyí mu. Tó bá fẹ́ fi mod (àfikún táwọn agbágéèmù ṣe) sí Skyrim, ọ̀pọ̀ mod ń lo SKSE, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́, SKSE sì gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà ẹ̀yà géèmù mu rẹ́gí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣí rárá. Á wá rò pé géèmù ni kò dáa.

Ọ̀nà tó mọ́ wà. Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń dá owó padà bó o bá béèrè láàrin ọjọ́ 14 tó o rà á, tó ò sì tíì gbá a tó wákàtí 2. Ẹ̀dínwó ńlá máa ń wà níparí oṣù Kẹfà àti lóṣù Kejìlá, géèmù tó ti pẹ́ bíi Skyrim àti Witcher 3 kì í sì í gbẹ́yìn níbẹ̀.

Ṣadé Òkè-Àdó: Mà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ n fi kún un pé wákàtí 2 yẹn kò lè fi géèmù han èèyàn. Skyrim bẹ̀rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń gbé ẹlẹ́wọ̀n, ó di ìlú Helgen, dírágónì dé, o sá jáde. Ìyẹn nìkan lè gba ìdajì wákàtí, pàápàá bó o bá pẹ́ nídìí yíyan ojú àti irun. White Orchard ti Witcher 3 ju wákàtí 2 lọ dáadáa. Nítorí náà, ẹ̀rọ ni kí Túndé fi wákàtí 2 náà dán wò. Kó jáde ní Helgen, kó gba inú igbó lọ sí abúlé Riverwood, kó wọ ìgboro Whiterun, torí ibẹ̀ lẹ̀rọ ti ń jìyà. Kó fetí sí fáànù. Bó bá ń yá dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ooru ni: processor ń dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Eruku ọyẹ́ ló sábà ń dí fáànù láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ìpara tó wà lábẹ́ irin rẹ̀ á sì ti gbẹ. Kí oníṣẹ́ ṣí i, kó fẹ́ ẹ, kó pààrọ̀ ìpara náà. Kò sí ètò inú géèmù tó lè wo ìyẹn sàn.

Bọ̀dá Bódìjà: Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, Ṣadé. Ooru máa ń jẹ́ kéèyàn dá géèmù lẹ́bi láìjẹ̀bi.

Ṣadé Òkè-Àdó: Ohun tó ń lé ẹni tuntun kúrò nídìí Skyrim ò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹrù. 300 lẹrù tó o lè gbé níbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti kọjá ìyẹn, o ò ní lè sáré mọ́. Ẹni tuntun á kó abọ́, síbí, idà ògbólógbòó, gbogbo ẹ̀. Fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó fúyẹ́ tó sì lówó lórí ni kó o kó: wúrà, òkúta iyebíye, oògùn. Bó o bá gòkè ìpele kan tó o yan Stamina, 5 á kún ohun tó o lè gbé.

Èkejì ni ìpele. Àwọn ọ̀tá ń lágbára bí ìpele rẹ ṣe ń gòkè, iṣẹ́ ọwọ́ yòówù kó o fi gòkè. Ẹni tó jókòó sídìí alágbẹ̀dẹ, tó ń rọ ọ̀bẹ lásán, ìpele rẹ̀ á gòkè, ọwọ́ ìjà rẹ̀ ò ní gòkè, á wá bá ọ̀tá tó jù ú lọ pàdé. Iṣẹ́ 18 ló wà níbẹ̀: mú méjì fún ìjà, ọ̀kan fún ààbò ara, kó o sì dúró tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Lọ́nà Helgen sí Riverwood, òkúta mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ti jagunjagun, ti oṣó àti ti olè. Fọwọ́ kan èyí tó bá iṣẹ́ rẹ mu, o máa fi 20% yára kọ́ ọ.

Mojí ní ihò jọra. Ó lè jọra fún ẹni tó ń sáré gba inú wọn kọjá. Ní Bleak Falls Barrow, ilẹ̀kùn òkúta kan ní òrùka mẹ́ta tó ń yí, ibi tó o máa fi èékánná wúrà sí sì wà láàrin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á máa yí i kiri títí á fi sú wọn. Ṣí àpò rẹ, gbé èékánná náà, yí i padà kó o wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: béárì, labalábá òru, òwìwí. Ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ rẹ látàárọ̀.

Mojí Agbowó: Mo gbà pé ìyẹn dáa. Síbẹ̀, àdììtú ilẹ̀kùn nìyẹn. Mi ò rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa gbà mí lọ́kàn níbẹ̀ bíi ti Odolan tó ń bẹ̀bẹ̀ omi fún ọmọ rẹ̀.

Bọ̀dá Bódìjà: Níbi ìtàn, o ti borí mi. Níbi òmìnira, mi ò gbà fún ọ. Witcher 3 sọ ọ́ di Geralt, o ò lè di ẹlòmíì. Lórí Skyrim, ẹni tí kò fẹ́ jà lè ṣe olè, ẹni tí kò fẹ́ idà lè ṣe oṣó, ó sì lè fi ọ̀rọ̀ dírágónì sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Túndé Sámọ́ńdà: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Dátà fún 12GB yẹn, báwo ni mo ṣe lè dín in kù? Ṣé fífi RAM kún un máa ràn mí lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò ní graphics card?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Dátà kọ́kọ́. Bí ẹnì kan tó sún mọ́ ọ bá ti ní Skyrim Special Edition lórí Steam, tí ìwọ náà ti ra tìrẹ, ẹ so ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ Wi-Fi kan náà, kẹ́ ẹ tan gbígbé géèmù láàrin ẹ̀rọ nínú ètò Steam. Ẹ̀rọ kan á gbé e fún èkejì, íntánẹ́ẹ̀tì kì í náwó níbẹ̀. Bí kò bá sí Wi-Fi, ẹ da fódà géèmù náà sí hard disk, kó o lẹ̀ ẹ́ sínú steamapps, ní common, lórí ẹ̀rọ tìrẹ, kó o wá tẹ install. Steam á rí ohun tó wà nílẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ̀nba tó kù ló máa fà. Lẹ́yìn náà, yan kó má ṣe mú géèmù náà dójú ìwọ̀n (update) àyàfi ìgbà tó o bá fẹ́ gbá a, kó má baà jẹ dátà rẹ lóru.

Akin Challenge: Lórí RAM, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ranni lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Gíráfíìkì Intel kò ní ìrántí tirẹ̀, RAM ẹ̀rọ ló ń yá lò. Bí 8GB rẹ bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ojú ọ̀nà kan ló ń gbà. Bó bá di ẹyọ méjì, ọ̀nà méjì ló máa máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà, géèmù á sì yá ju bó ṣe wà lọ. Tẹ Ctrl+Shift+Esc, lọ sí Performance, yan Memory, wo ibi tí wọ́n kọ Slots used. Bó bá jẹ́ 1 of 2, ihò kan ṣófo. Kó o tó ra ẹyọ kejì, wo irú èyí tó wà níbẹ̀, torí láptọ́ọ̀pù ìran kẹfà kan ń lo DDR3L, òmíràn ń lo DDR4, ọ̀kan kì í wọ ihò èkejì. Mú èyí tó wà nínú rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kó bá ọ fi wé e.

Túndé Sámọ́ńdà: 1 of 2 ni. Skyrim ni mo máa kọ́kọ́ mú nígbà ẹ̀dínwó tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá ti fẹ́ fáànù rẹ̀.

Mojí Agbowó: Ó dáa. Tó o bá padà ra PS4, ẹ̀dà Game of the Year ti Witcher 3 ni kó o bèèrè, torí àfikún ìtàn méjèèjì, Hearts of Stone àti Blood and Wine, wà pẹ̀lú rẹ̀. Díìsìkì àkọ́kọ́ ti 2015 kò ní wọn. Wo ẹ̀yìn páálí kó o tó sanwó.