Ṣóbọ̀ àti Ọbasá ṣáájú Fálétí

Àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn akéwì àtijọ́ dára, àmọ́ orí akéwì Adébáyọ̀ Fálétí lẹ ti bẹ̀rẹ̀, bíi pé kò sí ewì alákọsílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣóbọ̀ Aróbíodu ti ń tẹ àrọ̀fọ̀ jáde l'Ábẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ní ìlànà àrùngbè tí àwọn olórò Ẹ̀gbá ń sun. Dénrelé Ọbasá, tó ń tẹ ìwé ìròyìn Yoruba News n'Ìbàdàn, kó ewì tirẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1927.

Ẹni tó bá fẹ́ fi Ọbasá han akẹ́kọ̀ọ́, kó má fi ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ṣíde. Kó ka ewì kan sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n wá fa ìlà sábẹ́ gbogbo òwe tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, àlàyé àti ìkìlọ̀ tó so àwọn òwe náà pọ̀, Ọbasá gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń pè é ní akówejọ lásán kò wo ibẹ̀ rárá.

Ti Ṣóbọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá ni, àkọtọ́ àtijọ́ sì ni. Ẹ fi àmì ohùn sí i kẹ́ ẹ tó kà á síta, torí àṣìkà ló ń ba adùn rẹ̀ jẹ́.