Ìṣọ́ Òru Bàbá Ṣẹ́gun

(Ìkẹjà ni, lọ́sàn-án Sátidè, ní ojúlé 7 Gbemisola Street, ilé tí Fẹlá gbé títí tó fi kú, tó di mùsíọ́ọ̀mù ní 2012. Ṣẹ́gun ló kó gbogbo ẹbí wá: bàbá ẹ̀ tó ti rìtáyà, ìyá ẹ̀ tó ń ta òkìrìkà ní Yaba, Bọ̀sẹ̀ ìyàwó ẹ̀, àti Tèmi ọmọ ọdún 7 tí ẹnu ẹ̀ ò ní bíréèkì.)

GÁÌDÌ: Ẹ káàbọ̀ sí Kalakuta o. Ká tó wọlé, sàréè Fẹlá gan-an rèé níwájú ilé, ibí ni wọ́n sin ín sí ní August 1997.

ÌYÁ ṢẸ́GUN: Yéè! Ṣẹ́gun, mùsíọ́ọ̀mù lo pè é fún mi o, o ò sọ pé itẹ́ òkú ni. Mo sì wọ léèsì!

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre. Bàbá tìẹ ńkọ́, ṣebí pálọ̀ ni wọ́n sin ín sí, tẹ́ ẹ sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e lórí.

GÁÌDÌ: Kí wọ́n tó gbé e wá síbí, Tafawa Balewa Square ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí káráyé rí i. Èrò ọjọ́ yẹn...

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Èèyàn ò ráyè yí ọrùn! Pósí onígíláàsì! A ò tiẹ̀... wọn ò tiẹ̀ rọ́nà kọjá. Mo kà á nínú pépà.

(Ìyá Ṣẹ́gun wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. Wọ́n gòkè. Bàtà Fẹlá tò lọ rẹrẹẹrẹ, sasofóònù wà ńbẹ̀, pátá náà wà lára ògiri nínú férémù.)

TÈMI: Dádì, pátá ta nìyẹn?

BỌ̀SẸ̀: Tèmi! Yíjú síbí!

GÁÌDÌ: Ti Fẹlá ni. Bó ṣe máa ń jókòó nílé nìyẹn, tí oníròyìn bá tòkè òkun wá, pátá náà ló fi ń gbàlejò.

ÌYÁ ṢẸ́GUN: Ẹ̀yin wá fi sínú férémù, èèyàn wá ń sanwó wò ó? (Ó súnmọ́ ọn, ó ń wo ẹnu rọ́bà ẹ̀ bí aláṣọ.) Rọ́bà ẹ̀ ṣì dáa o. Bọ̀sẹ̀, gbogbo pátá bàbá ọkọ ẹ tí mo fi ń nu fáànù, áà, owó ni mo ń nù dànù!

TÈMI: Ká fi ti Bàbá Àgbà náà kọ́ sí pálọ̀.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ẹ jẹ́ ká máa lọ síwájú.

GÁÌDÌ: Kì í ṣe ibí ni Kalakuta àkọ́kọ́ o. Agege Motor Road nìyẹn wà, àwọn sójà ló dáná sun ún ní February 1977, wọ́n sì ju ìyá Fẹlá látojú fèrèsé. Ọdún tó tẹ̀lé e ni màmá yẹn kú.

ÌYÁ ṢẸ́GUN: Funmilayo. (Ó dákẹ́ díẹ̀.) Obìnrin tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ nítorí owó orí, tí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Àwọn ọmọ kékeré tó ń gbébọn wá lọ ń jù ú látòkè. Ẹ máa bá tiyín lọ, ọmọ mi.

GÁÌDÌ: Lẹ́yìn náà ni Fẹlá wá kó wá sí Ìkẹjà, Shrine tó ti máa ń kọrin wà ní Pepple Street. Fúráìdè ni Yábíìsì Náìtì, ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ, á máa bú gọ́ọ̀mẹ́ǹtì...

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ó lè bú wọn tílẹ̀ á fẹ́ẹ̀ mọ́ kó tó fẹnu kan sasofóònù! Tó bá sì ti gbé orin kan jáde lórí rẹ́kọ́ọ̀dù báyìí, ó parí, kò ní kọ ọ́ fún ẹ mọ́, o lè bẹ̀ ẹ́ títí, orin tuntun ló máa...

(Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.)

ÌYÁ ṢẸ́GUN: Bàbá Ṣẹ́gun.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Inú pépà ni.

ÌYÁ ṢẸ́GUN: Fúráìdè. Ìṣọ́ òru. Ẹ ní àwọn alàgbà fi yín sínú ìgbìmọ̀ aládùúrà, ẹ̀ẹ́ wálé ní ìdájí, ojú yín á pọ́n bí ata, èmi á gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú yín, mo tún ń sọ fáwọn ará àdúgbò pé ọkọ mi ń bá áńgẹ́lì jà bíi Jákọ́bù! Òórùn ara aṣọ yín ńkọ́? Ẹ ní tùràrí ni!

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Èéfín ṣá ni.

ÌYÁ ṢẸ́GUN: Èmi tí mi ò mọ̀ ju ọjà, ilé àti ìpàdé ẹgbẹ́ ní Túsìdè!

GÁÌDÌ (ó fẹ́ pẹ̀tù sí i): Mà, ẹ máa bínú. Shrine ò burú náà, wọ́n tiẹ̀ ní Lédíìsì Náìtì ní Túsìdè, àwọn obìnrin kì í san ju àbọ̀ owó...

ÌYÁ ṢẸ́GUN: Àbọ̀ owó bí i ti báwo? Ọ̀fẹ́ ni! Kọ́bọ̀ a kì í san ní géètì!

(Ibí yìí, kódà fáànù dúró. Iná ni wọ́n mú lọ, àmọ́ ó bọ́ sásìkò.)

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ìpàdé ẹgbẹ́.

ÌYÁ ṢẸ́GUN: A máa ń ṣèpàdé náà.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Gbogbo àárọ̀ Wẹ́sìdè lò ń ní ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́, èmi á máa fi róòbù wọ́ ọ, o ní ìdúró ló pọ̀ ní ìpàdé! Ta ló ń pọn Ṣẹ́gun lóru? Èmi! Ta ló ń fọ nápíìnì? Èmi náà!

ṢẸ́GUN: Ẹ dúró ná. Fúráìdè, Dádì ò sí nílé. Túsìdè, Mọ́mì ò sí. Sátidè ńkọ́, tẹ́ ẹ máa ń gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà?

ÌYÁ ṢẸ́GUN: Bàbá ẹ ní òkú làwọn ń sin.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Òun ní ìyàwó làwọn ń sìn.

(Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Ṣẹ́gun rọra súnmọ́ ọn.)

ÌYÁ ṢẸ́GUN: Ọkùnrin kan wà tó máa ń fa fìlà bojú, tó máa ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ súpíkà lápá ọ̀tún...

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Olúwa o! Ìwọ lo gba síà mi!