Ìdíje eré sísá òde òní ti wà kí Athens tó dé

Bí Òlíḿpíìkì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́: Athens ni ìdíje eré sísá òde òní ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1896, aláwọ̀ dúdú kankan ò sì tayọ nínú rẹ̀ àfìgbà tí Jesse Owens dé Berlin lọ́dún 1936. Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì, ó sì ń dùn mí pé à ń fi kọ́ ọmọ.

Ó ku ọgbọ̀n ọdún gbáko kí Athens tó wáyé tí ẹgbẹ́ kan ní London, Amateur Athletic Club, ti ṣe ìdíje tirẹ̀ ní Beaufort House, ní oṣù Kẹta ọdún 1866. Àwọn ọmọ ọlọ́lá ni wọ́n ṣe é fún. Bí o bá jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí lébìrà, òfin wọn ò gbà ọ́ láyè, ì báà jẹ́ pé o ò gba kọ́bọ̀ rí lórí eré sísá. Ìrẹ́jẹ pọ́ńbélé ni.

Lọ́dún 1880, Clement Jackson, Montague Shearman àti Bernhard Wise pe ìpàdé sí òtẹ́ẹ̀lì Randolph ní Oxford, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Amateur Athletic Association (AAA) sílẹ̀. Wọ́n wọ́gi lé òfin burúkú yẹn, wọ́n sì gbé ìdíje náà sí ìgbà ẹ̀rùn. Ẹni tó ń sáré gbowó nìkan ni wọn ò gbà. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láàárín ara wọn: láti Amẹ́ríkà ni Lawrence Myers ti wá gba ipò kìíní nínú eré 440 yáàdì lọ́dún 1881.

Nígbà tó wá di ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1886, ní Stamford Bridge, Arthur Wharton bọ́ sórí ìlà. Accra ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1865. Pásítọ̀ Mẹ́tọ́díìsì, ọmọ Grenada, ni bàbá rẹ̀. Ìdílé ọba Fante ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìhìnrere ló gbé e dé Darlington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 100 yáàdì ni eré náà, ìyẹn mítà 91 àti díẹ̀. Aago ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka àkókò nígbà náà, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá sì ni ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Wharton fi ìṣẹ́jú àáyá 10 géérégé sá ìpele àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá, ó tún fi 10 géérégé sá a, ó sì gba ipò kìíní. Láti 1880, kò sẹ́ni tó fi àkókò yẹn gba ipò kìíní nínú ìdíje AAA rí. Lọ́dún 1887, ó tún padà wá gbà á.

Wọn ò tíì bí Owens lọ́dún 1886 yẹn. Ó tún ku ọdún 27.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló dé tí a ò rí Wharton ní Athens. Nígbà tó fi máa di 1888, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gbowó; lọ́dún 1889 ó di aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, tó ń gbowó, ní Rotherham. Àwọn tí kì í sáré gbowó sì ni Athens ń fẹ́.