Bí Òní Ti Rí, Ọ̀la Kì Í Rí Bẹ́ẹ̀

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìdajì àkọ́kọ́ òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dì mú: ọ̀la kò ṣeé mọ̀, kí kálukú ṣọ́ra. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ kí ọmọ yunifásítì ro dáadáa. Babaláwo tí ọ̀la ń kọ lóminú ní ọjọ́ tó yà sọ́tọ̀ fún un. Bó bá ti bèèrè tán lọ́jọ́ náà, á ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sínú àpò, á gba oko lọ, ó di ọjọ́ mìíràn. Onígbàgbọ́ ni mí, n kò dífá, n kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ dá a. Síbẹ̀, ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé. Wákàtí-wákàtí ni àwọn ń bèèrè ọ̀la. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á ṣírò GP, ìyẹn ìwọ̀n máàkì wọn. Bí wọ́n bá wọ ọkọ̀ láti Ìwòròkó lọ sí kíláàsì, wọ́n á tún un ṣírò. Tó bá dòru, ó kan owó ilé-ẹ̀kọ́, ó kan káríófà, kọ́ọ̀sì tí wọ́n fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó kan iṣẹ́ tí ẹni tí kò tíì jáde ìwé kò lè wá.

Jésù kò sọ pé kò sí wàhálà lọ́la. Ohun tó wí nínú Mátíù 6:34 ni pé ti òòjọ́ tó òòjọ́. Nínú àdúrà tó kọ́ wa pẹ̀lú, oúnjẹ òòjọ́ ló ní kí a tọrọ.

Mo mọ̀ pé ẹrù ọmọ Èkìtì wúwo. Ilé Ìyì, Ilé Ẹ̀yẹ ni à ń pe ilẹ̀ wa, ìwé sì wà lára ohun tó fún wa níyì náà. Láti ìgbà tí Christ's School ti bẹ̀rẹ̀ ní Adó ní 1933, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti fi ìwé bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́, bí a bá sì ń ka àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nílẹ̀ Yorùbá, a kì í kà wọ́n tán kí a má dárúkọ Èkìtì. Ìyẹn ni bàbá kan ṣe ń ta kòkó, tí ìyá kan ń ta iṣu, tí àwọn àbúrò mẹ́ta sì ń wo ẹ̀gbọ́n wọn lójú. Ọmọ ọdún 18 gbé gbogbo èyí lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Orúkọ ìdílé, gbèsè bàbá, ọjọ́ iwájú àwọn àbúrò, àtàrí àjànàkú ni wọ́n. Irú wọn ni Pétérù ní kí a kó lé Ọlọ́run lórí, nítorí òun ló ń tọ́jú wa. Kọ́ọ̀sì tó wà níwájú rẹ lónìí ni ẹrù tìrẹ, ọmọ mi.

Ẹ wo ọdún 2022. Ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ni ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí àìsùn rẹ̀ ṣí géètì ilé-ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, fún àníyàn rẹ ní àsìkò tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ dára, kó tó di pé o dùbúlẹ̀. Mú bébà, kọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù síbẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Èyí tí ọwọ́ rẹ ká, kọ ìgbésẹ̀ kan tí o lè gbé lọ́la sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ ni, láti 2024 ni NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lówó láìgba èlé, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ń san owó náà fún tààrà. Lọ béèrè bí o ṣe lè forúkọ sílẹ̀. Èyí tí ọwọ́ rẹ kò ká, fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ bí Fílípì 4:6 ti wí: àdúrà, ẹ̀bẹ̀, ìdúpẹ́. Má fo ìdúpẹ́. Ẹni tó bá wá ohun mẹ́ta tó tọ́ sí ọpẹ́ lọ́jọ́ tí nǹkan le, ojú rẹ̀ á là sí ohun tí ẹ̀rù ti bò mọ́lẹ̀. Bí àníyàn bá tún yọjú lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, sọ fún un pé àsìkò rẹ̀ kò tíì tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èkìtì kò kẹ̀rẹ̀ nínú àdúrà. Èfọ̀n-Alààyè ni wọ́n sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959, títí dòní ni àwọn ènìyàn sì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbààwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, tó tún fi òru mẹ́rin ṣe TDB, ìwé kíkà títí ilẹ̀ á fi mọ́, láìsùn, ó ń fìyà jẹ ara tí Ọlọ́run fún un ni. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí ayé sú Èlíjà nínú 1 Ọba 19, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, Ọlọ́run kò bá a wí. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó ní kó jẹun. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn, wọ́n tún jí i kó wá jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Ó di Hórébù kí Ọlọ́run tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Bí Ọlọ́run bá fi oúnjẹ àti oorun ṣáájú ọ̀rọ̀ fún wòlíì, ta ni yóò wá sọ pé àìnígbàgbọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ sùn?

Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ìbànújẹ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò lọ mọ́, tàbí tí ọkàn ń sọ pé kí o kúrò láyé, má ṣe dá a gbé. Sọ fún aṣáájú fẹ́lóṣíìpù rẹ tàbí ẹni tí o fọkàn tán lójú ẹsẹ̀, kí ó sì bá ọ lọ rí dókítà. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Adó, ó wà ní Ìdó-Èkìtì. Oníṣègùn ni Lúùkù tó kọ Ìhìnrere, Pọ́ọ̀lù sì pè é ní olùfẹ́. Ẹ̀yin pásítọ̀, bí ọmọ bá wá bá yín, ẹ gbàdúrà fún un, ẹ má sì dá a dúró lọ́nà ilé-ìwòsàn.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá pe ọmọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló jẹ. Bó bá ní gàrí ni láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ GP di ọjọ́ mìíràn.