Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fo orin kọjá, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀

Ó ti sú mi o. Ẹnìkan tún ti gbé e jáde pé kí àwọn òbí má jẹ́ kí ọmọ wọn wo Beauty and the Beast mọ́, kàtúùnù ọdún 1991 yẹn, pé ìtàn ọmọbìnrin tí wọ́n gbé pamọ́ tó wá lọ fẹ́ ẹni tó gbé e pamọ́ ni, pé àrùn Stockholm ló ń ṣe Belle, ìyẹn kí ẹni tí wọ́n mú nígbèkùn máa wá nífẹ̀ẹ́ ẹni tó mú un. Àwọn èèyàn sì ń dáhùn lábẹ́ ẹ̀ pé òótọ́ ni, òótọ́ ni, lójú ẹsẹ̀ gbogbo ayé ti di dókítà ọpọlọ. Stockholm tẹ́ ẹ ń pè yìí, inú báǹkì ni wọ́n ti mú àwọn èèyàn nígbèkùn níbẹ̀ lọ́dún 1973, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi wà lábẹ́ ìbọn. Belle ńkọ́? Alẹ́ tó dé ààfin yẹn gan-an ló ti sá jáde. Ó gun ẹṣin, ó di ọ̀nà ilé, ó ní ìlérí tóun ṣe pé òun á dúró rọ́pò bàbá òun ò lè dá òun dúró. Ìgbà tí ìkookò ká a mọ́ inú yìnyín ni Beast dé, ọmọ ọba tó ni ààfin, tí obìnrin onídán gégùn-ún fún tó fi di ẹranko, òun ló bá wọn jà tó fi ṣubú lulẹ̀. Ẹ lọ wo ibẹ̀ dáadáa: Belle ti fẹ́ gorí ẹṣin padà kó máa lọ, kò sẹ́ni tó dì í mú, ọ̀nà là gbalaja níwájú ẹ̀, ó wá wẹ̀yìn, ó sì bọ́ aṣọ òtútù ara ẹ̀ bò ó. Nígbà tí wọ́n délé tó ń nu egbò fún un, tí Beast fẹ́ di ẹ̀bi lé e lórí pé tí kò bá sá ni, Belle ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń sọ ló ń dá a lóhùn, títí ẹranko tó ga tó ilé fi dákẹ́ tó ń wo ilẹ̀. Ẹni tí àrùn ń ṣe nìyẹn?

Ibi tó ń dùn mí gan-an kọ́ nìyẹn ṣá. Ẹ lè kórìíra fíìmù náà, kò sí wàhálà, fíìmù ò ní kú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dájọ́ yìí ò gbọ́ ẹjọ́ tán. Wọ́n ń fo orin. Kàtúùnù olórin, tó jẹ́ pé inú orin ni wọ́n kó ìtàn sí, wọ́n á fo orin ẹ̀ kọjá, wọ́n á wá ní ìtàn ò yé àwọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ẹ ṣáà mọ ìyẹn.

Ẹ má ní mò ń parọ́, ojú mi báyìí ló ṣe. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn dáadáa ni wọ́n o, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni lọ sọ fún wọn pé mo bú wọn síbí, ṣùgbọ́n tí rìmóòtù bá ti bọ́ sọ́wọ́ Bọ̀dá yìí, ọba ti gorí ìtẹ́ nìyẹn. Ọmọ wọn obìnrin ló ní kí wọ́n fi fíìmù náà sí i, gbogbo wa bá jókòó. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti fo orin àkọ́kọ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ti fo ìbẹ̀rẹ̀ o." Wọ́n ní, "Orin lásán ni, ìwọ náà. Ká bọ́ síbi tí ọ̀rọ̀ wà."

Orin lásán! Orin yẹn ló fi gbogbo abúlé hàn wá. Nínú ẹ̀ la ti rí i pé wọ́n ń kí Belle káàárọ̀, tó bá sì ti kọjá tán wọ́n á máa sọ pé orí ẹ̀ ò pé, torí pé ó ń kàwé. Nínú ẹ̀ la ti rí oníbúrẹ́dì tí Belle ń sọ ìtàn fún tí kò tiẹ̀ dúró gbọ́, tó jẹ́ pé àgùntàn lásánlàsàn ló wá dúró tì í létí omi, òun náà sì já ojú ìwé kan jẹ. Inú orin yẹn ni Gaston, ọdẹ abúlé náà, ti kọ́kọ́ yọjú tòun ti ìbọn, tó ti sọ pé ọmọ yẹn lòun máa fẹ́ láìtíì bi ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ìyẹn, Bọ̀dá fò ó. Nígbà tí Gaston wá já ìwé gbà lọ́wọ́ Belle tó sọ ọ́ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ní, "Olóríburúkú wo nìyí?" Mo ṣáà ń wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń wo fóònù ní tiẹ̀.

Orin oúnjẹ, níbi tí àbẹ́là ti ń jó tí abọ́ ń fò, àwọn ìránṣẹ́ ààfin tí èpè sọ di ohun èlò, ìyẹn nìkan ni wọ́n jẹ́ ká gbọ́, torí pé ọmọ figbe ta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ó wá kan orin tí wọ́n ń pè ní Something There. Háà. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dìde kúrò ní pálọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì, Beast ki ẹnu bọ inú abọ́, oúnjẹ yí i lójú yí i nímú, ojú ń tì í. Ó mú ṣíbí, ọwọ́ ẹ̀ tóbi ju ṣíbí lọ, kò rí i lò. Belle wò ó, ó gbé ṣíbí tiẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ kí i, Beast náà gbé tiẹ̀, àwọn méjèèjì jọ mu ún látinú abọ́. Kò bú u, kò kọ́ ọ níwà, ó kàn pàdé ẹ̀ lágbedeméjì. Wọ́n tún jáde sínú yìnyín, àwọn ẹyẹ ń sá fún un, Belle fi bó ṣe máa da oúnjẹ ẹyẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ hàn án, àwọn ẹyẹ sì bo gbogbo ara ẹ̀. Ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn ni wọ́n ń fi orin sọ, ẹnì kan ò gbọ́ tẹnì kejì, àwa nìkan la gbọ́ tàwọn méjèèjì. Orin kan ṣoṣo tí Beast dá sí nínú gbogbo fíìmù yẹn nìyẹn o! Tẹ́ ẹ bá fò ó, ẹ ò gbọ́ orin kankan lẹ́nu ẹ̀ títí fíìmù fi parí.

Bọ̀dá fò ó. Àwòrán ń sáré lójú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ wọn ń kọ orin náà lọ lẹ́nu ní tiẹ̀ torí pé ó ti mọ̀ ọ́n lórí. A wá bọ́ síbi ijó, aṣọ aláwọ̀ wúrà, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, Bọ̀dá bá kọjú sí mi: "Ṣó o rí i? Ẹni tó ń jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti ń jó. Ìfẹ́ yẹn ti yá jù, wọn ò ṣàlàyé ẹ̀." Wọn ò ṣàlàyé ẹ̀! Bí ẹni ya àárín ìwé dànù tó wá ní òǹkọ̀wé ò parí iṣẹ́. Àgbà ni wọ́n, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà díẹ̀ sẹ́yìn." Wọ́n ní mo ti fẹ́ràn wàhálà jù. Ìdí nìyí tí mo fi wá sọ ọ́ síbí.

Torí àwọn tó ṣe fíìmù yìí, orin ni wọ́n fi ń ro gbogbo ẹ̀ látilẹ̀. Howard Ashman ló kọ ọ̀rọ̀ orin ẹ̀, Alan Menken ló gbé ohùn sí i. Ara Ashman ò yá nígbà yẹn, àrùn AIDS ló ń bá a jà, débi pé àwọn tó ń ṣe fíìmù náà ló ń kó ara wọn lọ bá a ní Fishkill ní ìpínlẹ̀ New York kí iṣẹ́ má bàa dúró. Ó kú ní March 14, 1991, ọmọ 40 ọdún, fíìmù jáde ní November, kò rí i parí. Wọ́n fi fíìmù náà sọrí ẹ̀ ní ìparí, ẹ ò rí ìyẹn náà torí ẹ ti pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ sì mọ̀ pé orin míì ló wà níbi tí Something There wà tẹ́lẹ̀? Human Again ni, wọ́n yọ ọ́ nítorí ó mú kó dà bíi pé oṣù ń gorí oṣù, àwọn èèyàn á wá máa béèrè pé bàbá Belle tó ń wá ọmọ ẹ̀ kiri ńkọ́, ṣé inú igbó ló ṣì wà ni? Ọdún 2002 ni wọ́n tó dá a padà sínú fíìmù. Ẹni tó rò ó débẹ̀ yẹn lẹ ní kò ṣàlàyé. Angela Lansbury tó kọ orin ijó yẹn ní ohùn ìyá arúgbó inú ìkòkò tíì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ ọ́ tí wọ́n fi gbà á. Orin náà gba Oscar, fíìmù náà sì ni kàtúùnù àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dárúkọ fún fíìmù tó dáa jù lọ́dún. Ẹ̀yin ń fò ó.

Ọ̀rọ̀ Gaston tún wà ńlẹ̀. Kò sí Gaston nínú ìtàn àwọn ará Faransé ìgbà àtijọ́, èyí tí Villeneuve kọ ní 1740 tí Beaumont wá gé kúrú ní 1756. Àwọn onífíìmù ló fi í kún un, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ti kó àlejò ìgbéyàwó sẹ́nu ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ kó tó wọlé lọ bi í bóyá ó máa fẹ́ òun. Ìgbà tí kò gbà, ó lọ fowó bẹ olórí ilé wèrè pé kí wọ́n wá gbé bàbá ẹ̀ tì mọ́lé, àfi tí ọmọ bá gbà. Gbogbo ilé ọtí sì kọrin yìn ín! Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ fi tipátipá gba ìyàwó, ẹ̀yin aláàánú ọmọdé, arẹwà tó láyà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni. Beast ní tiẹ̀ ní kó máa lọ, ó mọ̀ pé òdòdó tó ń ka ọjọ́ èpè ẹ̀ ti fẹ́ rẹ̀ tán, tó bá sì rẹ̀ tán òun ò ní di èèyàn mọ́, ó ṣì fún un ní dígí onídán lọ́wọ́ kó lè máa fi rí òun. Mi ò ní kò tì í mọ́lé níbẹ̀rẹ̀ o. Ó tì í mọ́lé.

Ti 2017 tí wọ́n fi èèyàn ṣe, èmi rò pé ariwo àwọn olùwòran ni wọ́n ń dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Belle di ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ. Àwọn ìránṣẹ́ ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ni pé àwọn wòran nígbà tí bàbá ọmọ ọba ń ba ìwà ọmọ jẹ́. Àlàyé, àlàyé, àlàyé. Owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là ló pa, n ò bá wọn jà.

Àmọ́ ká má tan ara wa, Bọ̀dá mú mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ rántí orin oúnjẹ tí wọ́n jẹ́ ká gbọ́? Àbẹ́là sọ nínú ẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá làwọn ti ń dípẹtà. Wọ́n sì ti sọ níbẹ̀rẹ̀ pé òdòdó máa wà títí ọmọ ọba á fi pé 21. Bọ̀dá dá fíìmù dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Yọ 10 kúrò nínú 21. Ọmọ ọdún 11 ni obìnrin onídán yẹn gégùn-ún fún, pé kò gba àjèjì sílé lálẹ́. Ìwọ kọ́ lo ní kí n gbọ́ orin?" Mo ní àwòrán ọmọ ọba tó fà ya lára ògiri, ojú àgbà ló wà níbẹ̀, ojú ọmọ ọdún 11 kọ́. Wọ́n ní ṣé àbẹ́là ń parọ́ ni. Ẹnu mi wọ́hò.

Ibẹ̀ lọmọ ti bi mí pé kí ni Chip ṣe. Chip, ife tíì kékeré tó ní èéfọ́ létí yẹn, ọmọ ìkòkò tíì. Tí èpè bá parí ó di ọmọdé tí ò lè ju bí ọmọ tó ń bi mí yìí lọ. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Tó bá jẹ́ pé èpè dá ọjọ́ orí dúró fún Chip, kí ló dé tí kò dá a dúró fún ọmọ ọba? Tí kò bá sì dá a dúró fún ẹnì kankan, a jẹ́ pé inú èpè ni wọ́n ti bí Chip, ìyẹn ni pé ìkòkò tíì ló lóyún ẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ ọlọ́mọ.